Géèmù Tí Kò Gbàgbé Mákindé

Manchester,
Ọjọ́ kẹwàá oṣù Kejì, 1996.

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ọ̀nà jíjìn. Ẹ kú ọyẹ́ o. Yìnyín ló ń bọ́ níbí, ṣùgbọ́n ara mi le, mo sì ń jẹun, kí ẹ tó béèrè.

Màmá, ẹ jókòó kí ẹ tó ka èyí tó kù. Mo ti fi iṣẹ́ kọ̀ǹpútà tí mò ń ṣe ní báǹkì sílẹ̀. Wọn kò lé mi, n kò sì bá ẹnikẹ́ni jà. Ilé-iṣẹ́ kékeré kan tó ń ṣe géèmù orí tẹlifíṣọ̀n ló gbà mí. Àwa mọ́kànlá péré ni a wà níbẹ̀. Wọ́n fẹ́ fi oṣù mẹ́fà dán mi wò. Tí iṣẹ́ mi bá tẹ́ wọn lọ́rùn, wọ́n á gbà mí pátápátá ní ìparí oṣù Kẹjọ. Tí kò bá tẹ́ wọn lọ́rùn, n kò ní báǹkì tí mo lè padà sí, nítorí wọ́n ti fi ẹlòmíràn sí àyè mi.

Iṣẹ́ mi ni láti mú kí géèmù ńlá wọ inú kásẹ́ẹ̀tì kékeré. Ẹ rántí bí Bàbá ṣe máa ń to rédíò mẹ́wàá sínú páálí kan ṣoṣo tí wọ́n bá ń lọ sí Alábà? Irú rẹ̀ ni. Ẹni tó ń ya àwòrán á ní kí n fi ewé kún igi, ẹni tó ń ṣe orin á ní kí n fi fèrè kún un, èmi ni mo máa ń sọ fún wọn pé páálí ti kún.

Mo fi ẹ̀rọ géèmù kan àti kásẹ́ẹ̀tì kan tí ilé-iṣẹ́ wa ti ṣe rí rán Ọ̀gbẹ́ni Akíntọ́lá, ẹni tó máa ń ra tẹlifíṣọ̀n àlòkù níbí lọ tà ní Alábà. Ẹ tú u wò, kí ẹ lè mọ ohun tí ọmọ yín ń ṣe.

Èmi ni ọmọ yín,
Sìdíkàt.


Igbó-Elérin, Okokomaiko,
Ọjọ́ kẹta oṣù Kẹta, 1996.

Sìdíkàt,

Mo rí ìwé rẹ, mo sì rí páálí tí Akíntọ́lá gbé wá. Ara mi le. Ẹsẹ̀ tó ń dùn mí ti fi mí sílẹ̀, ọmọ ló wá gba ipò rẹ̀.

Eré! Ọmọ tí mo rán lọ sí òkè òkun kọ̀wé sí mi pé eré lòun ń ṣe. Nígbà tí o wà ní kékeré, ṣé iṣẹ́ ni mo ń tìtorí ẹ̀ nà ọ́, àbí eré? Gbogbo ẹgbẹ́ àdúà wa ló mọ̀ pé báǹkì òyìnbó lọmọ mi wà. Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó kọjá, Ìyá Ọmọ́táyọ̀ ní, “Alhaja, ẹ bá mi kí ọmọ báǹkì o.” Mo ní yóò gbọ́. Kí ni ǹ bá tún wí?

Ọ̀rọ̀ mi kò pọ̀. Wá báǹkì mìíràn. Tí Iléyá bá dé tí o kò tíì ṣe bẹ́ẹ̀, má kọ̀wé eré sí mi mọ́. Páálí rẹ wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn pálọ̀. N kò tú u, n kò sì ní tú u. Mákindé, sójà nẹ́fì orí omi tó háyà yàrá ẹ̀yìn wa, ló ń wò ó bí ológbò ṣe ń wo ẹja lójoojúmọ́ tó bá ti Navy Town dé.

Ìyá rẹ,
Àdìjá Rájí.

Máa jẹun o.


Manchester,
Ọjọ́ ọgbọ̀n oṣù Kẹta, 1996.

Màmá mi,

Ìbínú yín dé, mo sì fi orí gbà á. Ẹ kú ìtọ́jú ilé. Inú mi dùn pé ẹsẹ̀ yín ti san, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ ní èmi ni mo gbapò rẹ̀.

N kò ní purọ́ fún yín: n kò ní padà sí báǹkì. Ní báǹkì, ẹlòmíràn ti ro gbogbo nǹkan tán kí n tó dé. Níbí, tí n kò bá ro ó, kò ní ṣẹlẹ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ti ń fi géèmù sínú síídì báyìí, èyí tí ẹ̀yin ń pè ní pléètì. Síídì gbà ju kásẹ́ẹ̀tì lọ ní ìlọ́po ọ̀nà ọgọ́rùn-ún, ó ń kọrin, ó ń sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n kì í yára. Ńṣe ló dà bí ẹni tó ní sítọ́ọ̀ ńlá lẹ́yìn Alábà: ọjà ń bẹ, àmọ́ oníbàárà á dúró kí wọ́n tó lọ gbé e wá. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń fi ilẹ̀kùn tó ń rọra ṣí sínú géèmù, kí ẹni tó ń ta á bí ẹni ń ta ayò má bàa mọ̀ pé ńṣe ni òun ń dúró de ọjà. Kásẹ́ẹ̀tì tiwa dà bí àtẹ kékeré. Ohun tó wà lórí rẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ ń tó o kíá.

Géèmù tuntun tí à ń ṣe, ti obìnrin apẹja kan ni. Ìjì gbé ọkọ̀ rẹ̀ lọ, ó sì ń wá a káàkiri erékùṣù mẹ́jọ. Èmi ni mo ní kó jẹ́ obìnrin. Ẹ mọ ẹni tí mo ń rò.

Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tú páálí yẹn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ọmọ yín,
Sìdíkàt.


Okokomaiko,
Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹfà, 1996.

Sìdíkàt ọmọ mi,

O rí i pé Iléyá ti kọjá, n kò kọ̀wé. Mo ní kí n fi ìdákẹ́ jẹ ọ́ níyà ni. Àmọ́ ọ̀rọ̀ kan ti dé báyìí tí n kò lè gbé mì.

Mo tú páálí. Ká má purọ́, Mákindé ló tú u, èmi ni mo fún un ní ọ̀bẹ. Ó ní ní Ìyànà-Ìbà, àwọn èèyàn ń sanwó ta géèmù. Ni mo bá gbá ṣọ́ọ̀bù tí bàbá rẹ ti ń tún rédíò ṣe nígbà ayé rẹ̀, mo gbé tẹlifíṣọ̀n wa síbẹ̀. Ká tó wí ká tó fọ̀, mo ti ní ogójì oníbàárà: awakọ̀, télọ̀, akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ọ̀jọ́. Bọ́lánlé télọ̀ á ní òun fẹ́ wá wo aago, a kì í rí i kó lọ mọ́.

Wàhálà ibẹ̀ ni iná. Ẹni tó ti ta á fún wákàtí méjì, Nẹ́pà á mú un, gbogbo rẹ̀ á pòórá. Mákindé ló fi hàn mí pé àyè mẹ́ta wà nínú kásẹ́ẹ̀tì tí èèyàn lè fi ibi tó dé pamọ́ sí. Mẹ́ta, fún ogójì èèyàn! Mo pín in bí èsúsú. Mákindé ló ni àyè kìíní títí lọ, nítorí òun ló tú páálí. Àyè méjì tó kù ń yípo, ẹni méjì lọ́sẹ̀, tí ọ̀sẹ̀ bá ti parí a ó pa tiwọn rẹ́, ó kan ẹlòmíràn. Wọ́n gbà bẹ́ẹ̀, kò sí ìjà.

Wàyí o, èmi náà ń ta á láàárọ̀ kí oníbàárà tó dé. Má rẹ́rìn-ín. Ṣé ẹni tó ń ta ọṣẹ kì í fi wẹ̀ ni? Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó lọ lọ́hùn-ún, iná bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú. Mo sáré fi tèmi pamọ́. Ẹ̀rọ bi mí ní nǹkan kan lédè òyìnbó, mo tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Orí ti Mákindé ni mo fi tèmi lé, tirẹ̀ sì pa rẹ́.

Nígbà tó dé, ó wò ó títí. Ó ní, “Màmá, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi dé last stage yẹn o.” Ó wọ bàtà rẹ̀. Láti ìgbà náà, ó ń dọ̀bálẹ̀ kí mi láràárọ̀, ṣùgbọ́n kò wọ ṣọ́ọ̀bù mọ́. Ojú ń tì mí nínú ilé ara mi.

Kí ló ṣe ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe é? Àyè mẹ́ta! Ta lẹ rò pé ó ń ta á?

Ìyá rẹ.


Manchester,
Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹfà, 1996.

Màmá mi,

Ẹ kú ọjà o, ẹ sì kú ìdájọ́ èsúsú! Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi dé ibi ọ̀rọ̀ Mákindé, ẹ̀rín náà sì gbẹ lẹ́nu mi.

Ìbéèrè yín, mo dá a lóhùn tìtìjú-tìtìjú. Ọmọdé tó ní ẹ̀rọ tirẹ̀ nínú yàrá tirẹ̀ ni a ń rò, òun àti ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Bí a ṣe ṣírò mẹ́ta nìyẹn. Kò sẹ́ni tó ro ogójì èèyàn.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tún ti burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bátìrì kékeré kan ló wà nínú kásẹ́ẹ̀tì yín tó ń jẹ́ kó rántí. Ọ̀gá wa ní bátìrì yẹn ti wọ́n jù, òun kò ní fi sínú géèmù apẹja. Tí kò bá sì lè rántí, a jẹ́ pé èèyàn gbọ́dọ̀ lè parí rẹ̀ ní ìjókòó kan. Erékùṣù mẹ́jọ á di méjì. Mo ka ìwé yín fún gbogbo wọn nínú ìpàdé, mo ń túmọ̀ rẹ̀ bí mo ṣe ń kà á. Nígbà tí mo dé ibi tí Mákindé ti wọ bàtà rẹ̀, ọ̀gá gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, “Ó dáa, wá ọgbọ́n mìíràn.” Ó fún mi títí di ìparí oṣù Keje. Tí mi ò bá rí i ṣe, mo mọ̀ pé wọn ò ní gbà mí ní oṣù Kẹjọ nìyẹn.

Ohun tí mo rò rèé. Tí èèyàn bá ń ṣíwọ́, kí géèmù fi àwòrán mẹ́fà hàn án. Kó kọ wọ́n sínú ìwé. Nígbà tó bá padà, kó to àwòrán mẹ́fà náà bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra, géèmù á ṣí níbi tó dé. Kò sí bátìrì, àyè kò sì lè tán, torí ìwé oníkálukú ni àyè rẹ̀. Àwòrán mẹ́rìndínlógún ni a ó ti máa mú mẹ́fà: ẹja, ọkọ̀, ìkarahun àti ìràwọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní pupa, búlúù, yẹ́lò àti àwọ̀ ewé.

Ṣùgbọ́n àwòrán mẹ́fà kò lè gbé gbogbo nǹkan. Mo gbọ́dọ̀ yan ohun tí géèmù máa rántí àti ohun tó máa gbàgbé. Màmá, ẹ bá mi bi àwọn oníbàárà yín: tí iná bá lọ, kí ló máa ń dùn wọ́n jù?

Ọmọ yín,
Sìdíkàt.


Okokomaiko,
Ọjọ́ kẹtàlá oṣù Keje, 1996.

Sìdíkàt,

Akíntọ́lá ń padà lọ lọ́la, mo ní kó jókòó jẹ ẹ̀bà kí n fi kọ èyí. Nítorí náà, máa fojú fo àṣìkọ.

Mo bi gbogbo wọn. Adéníjì awakọ̀ ní, “Ìyá, gold yẹn, leave am, mo lè ṣa òmíràn. Ibi tí mo dé ni kó má gbàgbé.” Bọ́lánlé ní àwọn ilẹ̀kùn tí òun ti ṣí ni, pé kò sóhun tó ń bí òun nínú bíi kóun tún máa wá kọ́kọ́rọ́ tóun ti rí. Kò sẹ́ni tó dárúkọ máàkì, kò sẹ́ni tó béèrè iye ẹ̀mí tó kù. Ẹni tó ṣe iṣẹ́ dé ibì kan kì í ní kí wọ́n wá ka òógùn òun, ó kàn fẹ́ kí wọ́n mọ ibi tí òun bá a dé. Torí náà, jẹ́ kó rántí erékùṣù àti kọ́kọ́rọ́. Kó gbàgbé ìyókù.

Ó ku ọ̀kan, òun ló sì ṣe pàtàkì jù. Ìwọ ọmọ yìí, ṣé òtútù ti gbà ọ́ lọ́pọlọ ni? Tẹlifíṣọ̀n wo lo fi sílẹ̀ nílé? Dúdú àti funfun ni! Ẹja pupa, ẹja búlúù, ẹja yẹ́lò, ẹja kan náà ni gbogbo wọn níwájú wa. Bí o bá ṣe é báyẹn, ogójì èèyàn ni yóò dà bíi Mákindé. Wá nǹkan mẹ́rìndínlógún tó yàtọ̀ síra, tí èèyàn lè dárúkọ lẹ́nu. Jẹ́ kó jẹ́ ohun tí ẹni tí kò kàwé lè há sórí, torí òjò lè pa ìwé, aṣọ fífọ̀ lè bà á jẹ́.

Mákindé ṣì ń kí mi láti ìta. Ṣe é, ọmọ mi. Ṣe é dáadáa.

Ìyá rẹ.


Okokomaiko,
Ọjọ́ kejìlélógún oṣù Kẹsàn-án, 1996.

Sìdíkàt Àbẹ̀kẹ́,

Oṣù Kẹjọ ti parí, oṣù Kẹsàn-án ń lọ, n kò gbọ́ nǹkan kan. Tí wọ́n bá lé ọ, sọ fún mi. N kò ní bá ọ wí. N kò tiẹ̀ ní dárúkọ báǹkì. Máa bọ̀ nílé, ṣọ́ọ̀bù ń bẹ, àwa méjèèjì la ó jọ máa jókòó níbẹ̀.

Fi ìwé ránṣẹ́, ọkàn mi ò balẹ̀.

Ìyá rẹ.


Manchester,
Ọjọ́ kẹfà oṣù Kẹwàá, 1996.

Màmá mi, Màmá mi,

Ẹ dárí jì mí. Iṣẹ́ ló bò mí mọ́lẹ̀. Wọ́n gbà mí! Ọdún méjì ni ìwé àdéhùn tí mo fọwọ́ sí.

Nígbà tí ìwé yín dé, mo ti ya gbogbo àwọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tán. Mo lọ ra tẹlifíṣọ̀n àlòkù dúdú àti funfun kan, mo so ó mọ́ ẹ̀rọ. Òótọ́ lẹ sọ: n kò lè mọ ẹja kan yàtọ̀ sí èkejì, èmi tí mo yà á! Mo pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, mo bẹ̀rẹ̀ láti orí òdo. Àwọ̀ kò sí níbẹ̀ mọ́. Àgbọn, kọ́kọ́rọ́, òṣùpá, àkàbà, akàn, ìkòkò àti àwọn yòókù ló wà níbẹ̀. Ó rántí erékùṣù àti kọ́kọ́rọ́, ó gbàgbé ìyókù, bí ẹ ṣe wí. Erékùṣù mẹ́jọ náà pé síbẹ̀. Ọ̀gá bi mí pé ta ló kọ́ mi ní ọgbọ́n yẹn. Mo ní onímọ̀ kan ní Okokomaiko ni.

Kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣiṣẹ́ ní nǹkan kan nínú tí wọ́n ń pè ní háàdì dísìkì, ó ń rántí gbogbo ohun tí a bá fi lé e lọ́wọ́. Ọ̀gá ní lọ́jọ́ kan ó máa wà nínú ẹ̀rọ géèmù fúnra rẹ̀, àyè kò sì ní jẹ́ wàhálà mọ́. Mo fẹ́ kí ọjọ́ yẹn tètè dé. Ṣùgbọ́n mo dúpẹ́ pé kò tíì dé, torí ibi tí àyè ti há ni mo ti kọ́ ohun tó yẹ ká rántí.

Akíntọ́lá á mú kásẹ́ẹ̀tì tuntun wá lọ́dún tó ń bọ̀. Méjì ni. Ẹ fún Mákindé ní ọ̀kan.

Ọmọ yín,
Sìdíkàt.


Okokomaiko,
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Kejì, 1998.

Sìdíkàt ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo tún ọ kí. Mo ṣèlérí pé n kò ní kọ̀wé nípa Mákindé mọ́ títí ọ̀rọ̀ àyè rẹ̀ tí mo pa rẹ́ fi máa yanjú. Ó ti yanjú.

O rántí pé nígbà tí kásẹ́ẹ̀tì dé, mo gbé e lọ sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, mo ní kó má bínú. Ó gbà á, ó padà sí ṣọ́ọ̀bù, ó ń ta á. Nígbà tó dé erékùṣù karùn-ún ni wọ́n ní kí ọkọ̀ ogun nẹ́fì wọn gbéra. Ó kọ àwòrán mẹ́fà rẹ̀ sínú ìwé, ó fi sápò, ó lọ. Oṣù méje gbáko! A gbọ́ pé wọ́n wà ní ibi tí ìbọn ti ń dún. Mo ń gbàdúrà fún un bí mo ṣe ń gbàdúrà fún ọ.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ló dé, ó ti rù. Kò tíì gbé báàgì sílẹ̀ tó fi wọ ṣọ́ọ̀bù. Mo ní, “Ìwé ẹ ńkọ́?” Ó ní omi òkun ti jẹ ẹ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó mú páàdì tí a fi ń ta á, ó ń kà á lẹ́nu bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́: “Akàn, ìkòkò, àgbọn, àgbọn, àkàbà, òṣùpá.” Ó ní gbogbo alẹ́ tí oorun kò bá kun òun lórí omi, òun lòun máa ń kà. Ó ṣí, Sìdíkàt. Obìnrin apẹja yẹn dúró sí etí omi erékùṣù karùn-ún, kọ́kọ́rọ́ mẹ́rin lọ́wọ́ rẹ̀, níbi tí Mákindé fi í sí gẹ́lẹ́. Ọkùnrin náà sunkún, èmi náà sunkún, Adéníjì ní èéfín mọ́tò ló wọ òun lójú.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, Ìyá Ọmọ́táyọ̀ tún ní kí n bá òun kí ọmọ báǹkì. Mo ní rárá o, ọmọ mi kò sí ní báǹkì, géèmù ló ń ṣe. Mo wí i sókè kí gbogbo ẹgbẹ́ àdúà lè gbọ́.

Ó wá ku tèmi. Mo ti dé erékùṣù kẹfà. Ibi tí omi ti ń yí po yẹn, mo ti kú níbẹ̀ ju ìgbà ogún lọ, n kò sì ní bẹ Mákindé. Àwòrán mi nìyí: ẹja, àkàbà, kọ́kọ́rọ́, àgbọn, ẹja, ìkòkò. Tẹ̀ ẹ́ sínú ẹ̀rọ tìrẹ lọ́hùn-ún, gbà á níbi tí mo dé, bá mi sọdá.

Ìyá rẹ,
Àdìjá Rájí.


Manchester,
Ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹta, 1998.

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Mo tẹ àwòrán yín lónìí. Ó ṣí, mo sì bá yín níbẹ̀, ní etí omi, pẹ̀lú gbogbo kọ́kọ́rọ́ yín. Mo jókòó wò yín fún ìgbà díẹ̀ kí n tó fọwọ́ kan páàdì.

Ẹ ti sọdá. Àwòrán yín tuntun ni: òṣùpá, ẹja, àkàbà, akàn, kọ́kọ́rọ́, àgbọn. N kò wọ erékùṣù keje, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ni mo fi yín sí.

Ẹ má parí rẹ̀ o. Mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì, mo ń bọ̀ wálé fún Iléyá. Àwa méjèèjì la ó jọ wọ ọ́.

Ọmọ yín,
Sìdíkàt.